Géètì Tí N Kò Tì

Gáàsì ni mo ń gbé gun òkè yìí láti ọdún mọ́kànlá,
sílíńdà kan léjìká ọ̀tún, òmíràn lọ́wọ́ òsì.
Mo mọ iye àtẹ̀gùn tó wà láti ìsàlẹ̀ dé ilé Eudomilia:
igba ó lé mẹ́rìnlá, mẹ́ta nínú wọn ti fọ́.
Mo mọ ajá tó ń gbó lásán, mo mọ èyí tó ń bu ni jẹ.
N kò mọ̀ pé géètì kékeré yẹn kì í dédé pa ara rẹ̀ dé.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún ni. Valparaíso ń dúró de iná ojú ọ̀run.
Mo gbé gáàsì wọlé, mo gba owó, mo mu ife omi kan,
mo fi ẹ̀yìn ti géètì bí mo ti ń jáde,
n kò bojú wẹ̀yìn.
Ológbò náà, Ceniza, aláwọ̀ eérú,
tí kò fẹsẹ̀ kan títì rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wálé,
ó bá ọ̀nà mi jáde.

Láago méjìlá òru, òfuurufú bú gbàmù.
Gbogbo èbúté ń hó yèè.
Ẹ̀dá tó kéré tó bẹ́ẹ̀, kí ni yóò pe irú ariwo yẹn?

Ilẹ̀ mọ́, Eudomilia pè mí lórí fóònù. Kò bú mi.
Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o rántí pé o ti géètì?"
Ìbá bú mi, ìbá sàn.

A sáré, a pariwo orúkọ rẹ̀ títí dé etí òkun.
Mo bi àwọn apẹja. Mo lẹ àwòrán mọ́ òpó iná mẹ́tàlélógún,
afẹ́fẹ́ já mẹ́sàn-án, mo tún wọn lẹ̀.
Ẹnì kan pè, ó ní òun ti rí i; mo débẹ̀, ehoro ni.
Ẹlòmíràn pè, owó ló kọ́kọ́ béèrè.
Ológbò kò ní okùn lọ́rùn, kò ní nọ́mbà.
"Inú ilé ló máa ń wà," ni ìyá náà ń tẹnu mọ́,
"kí ni mo fẹ́ kọ nọ́mbà sí i lọ́rùn fún?"

Lọ́jọ́ kẹrin, Yasna, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń gbé ilé kejì,
wo ẹsẹ̀ mi tó ti wú, ó ní:
"Ẹ ń wá a bí ẹni ń wá ajá. Ajá ń rìn.
Ológbò tẹ́rù bá ń di òkúta.
Bí ẹ bá ti ń ké, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa le sí i."
Ó ní kí Eudomilia bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, èyí tí kò tíì fọ̀,
kí ó tẹ́ ẹ sẹ́nu géètì.
Kí èmi dúró dòru, kí n fi àyà lélẹ̀,
kí n tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ gbogbo ohun tó ní abẹ́.

Abẹ́ ọkọ̀ tó ti kú. Abẹ́ páànù. Abẹ́ bálíkóní àwọn Bustamante.
Abẹ́ àtẹ̀gùn, ìkẹtàdínlógún sí ilé rẹ̀,
èyí tí mo ń gbé sílíńdà gorí rẹ̀ lójoojúmọ́,
ojú méjì dá iná padà fún mi.

Ohun tí a wá dé etí òkun, abẹ́ bàtà mi ló wà.

N kò fọwọ́ kàn án. Mo jókòó.
Eudomilia ń bọ̀ láìwọ bàtà, agolo ẹja lọ́wọ́,
kò pe orúkọ, ó kàn ń fi ṣíbí lu agolo, kó, kó, kó,
bó ti máa ń ṣe láràárọ̀.
Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Òkun ń mí nísàlẹ̀.
Nǹkan kan bí èéfín yọ láti abẹ́ sìmẹ́ńtì,
ó tínrín, eruku bò ó,
ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Okùn pupa ti wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí, pẹ̀lú nọ́mbà.
Mo ra sípíríǹgì fún géètì náà, owó ara mi ni.
Ó ń pa ara rẹ̀ dé.
Síbẹ̀, bí mo bá ti sọ̀ dé àtẹ̀gùn kẹwàá,
mo máa ń gbé sílíńdà òfìfo kalẹ̀,
mo máa ń padà gòkè lọ wò ó.